Òróró Tí Mo Fi Pa Ìbọn Lára

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí mo wà yìí, ó sì ga ju orí mi lọ. Ojú ọ̀run ni mo lè rí láti ibẹ̀, n kò lè rí ilẹ̀. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ọjọ́ tí yóò jẹ́, ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ wọ́dà tó ń bọ̀, n ó rò pé òní ni. Oúnjẹ ló sábà máa ń gbé wá.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́dà wọ̀nyí, mo kọ́ àbúrò rẹ̀ níwèé. Títí di òní, bó bá ṣílẹ̀kùn fún mi, a ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ìkíni yẹn ń dùn mí ju ìdájọ́ lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ mọ́.

Ọmọ Odigbo ni mí. Bàbá mi fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún mi lọ́nà Araromi-Obu. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò kà á sí. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Làmídì, ọmọ Ìkirè tí bàbá mi gbà sí oko láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Làmídì ló ń ro ó, òun ló ń fín oògùn sí i, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ráfátù, ló ń ká kòkó, tí wọ́n ń là á, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí wọ́n sì ń sá a. Bí kòkó bá gbẹ, ìdá mẹ́ta la ó pín in sí, méjì tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní agbègbè wa láàárín onílẹ̀ àti àlejò.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní owó mi ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé. Àwa tí a jọ fẹ̀yìn tì a máa pàdé ní oríta Ọ̀rẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé wọn kò tíì sọ fún yín ni? Ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi wà ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀run súnmọ́ wa jù ú lọ."

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tú ká láìjẹ nǹkan.

Ìgbà náà ni kòkó gbówó lórí. Ẹ̀yin tó wà ní agbègbè wa ẹ ó rántí rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é lọ́sàn-án. Àwọn tí a kò rí rí wá ń ra kòkó ní ẹnu ọ̀nà oko. Ẹni tó ta tirẹ̀ lánàá ń sunkún lónìí pé òun kò dúró, ẹni tó dúró kò sì lè sùn nítorí ẹ̀rù pé yóò já wálẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí i. Nígbà tí kòkó kò gbówó lórí, tí a mọ̀ pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn, ohun tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa la fi ń dúpẹ́ nílé Ọlọ́run. Nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá mọ́, ohun tí kò ṣẹ́kù la bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ. Àwọn tó ń ra kòkó ń gbé ìwọ̀n wọn wá kí wòlíì ta òróró sí i. Awakọ̀ ń gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá. Kì í ṣe pé a túbọ̀ fẹ́ràn Ọlọ́run. A ń bá a nájà ni.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀sẹ̀, ló kọ́kọ́ ń lọ sí ilé àdúrà kan ní ẹ̀yìn Ọ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan láti wò ó. Wòlíì náà kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń fi ọmọ sùn. Ó bi wá pé, "Ta ló lè sọ iye tí kòkó yóò jẹ́ ní oṣù tó ń bọ̀?" Ó ní, "Ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Kí lẹ fi sọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo padà lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, àwọn ènìyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan tí mo mọ̀ pé kò ní ju oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lọ dìde, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìdajì rẹ̀, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì mí lórí ìjókòó mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró. Mo ní, "Gbogbo kòkó tí a bá kọ́kọ́ ká lóko mi ní ọdún yìí, ti Ọlọ́run ni."

Àtẹ́wọ́ náà pọ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a ń padà sílé, a kọjá gáréèjì, Ìyá Bọ̀sẹ̀ sì yíjú sí mi. Ó wá ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ ní gbogbo rẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Ṣé ti Làmídì wà nínú rẹ̀?"

"Báwo ni ti Làmídì yóò ṣe wà níbẹ̀? Ìpín tèmi ni mo ń wí."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run o."

Mo bínú sí i. Ìbéèrè tó yẹ kí n fi ara balẹ̀ dáhùn nìyẹn. Ká ní mo dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí wà níbí.

Ní ọdún náà, òjò rọ̀ jù. Kòkó dúdú lórí igi kó tó pọ́n. Iye tí wọ́n ń rà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àwọn àlejò tó ń rà á ní ẹnu ọ̀nà oko kò wá mọ́. Nígbà tí a pín kòkó àkọ́kọ́ tó gbẹ, mo wo ìpín tèmi, ojú tì mí láti gbé e lọ síwájú ìjọ tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Làmídì ti wẹ̀, ó ti lọ kírun. Ìyá Ráfátù wà lódò. Mo dúró nínú ahéré tí a ń kó kòkó sí, èmi àti àwọn àpò náà. Mo tú ọ̀kan nínú àpò Làmídì, mo bù nínú rẹ̀ sínú tèmi, mo sì tún so ó bó ṣe wà. Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run yóò san án padà fún un lọ́nà tí kò mọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Olè ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo ti lo ayé mi láti máa tún ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ bá ṣì kọ ṣe, mo kọ olè, mo kà á ní ẹbọ ọpẹ́.

Ní ọjọ́ kejì Làmídì wá bá mi níbi tí mo ti ń wo àwọn ẹní tí a ń sá kòkó sí. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, eku oko wa yìí ti lọ sílé ìwé o."

"Báwo?"

"Ó tú àpò, ó bù ú jẹ, ó sì so ó padà. Oko tí mo ti ń ṣe láti kékeré, n kò rí irú eku bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí lò ń sọ, Làmídì?"

Ó wò mí. Ó wolẹ̀. "Eku ni mo ń bá wí, sà."

Kò sọ ọ́ mọ́. Ká ní ó bá mi jà ni, bóyá ǹ bá yí padà sí rere. Ṣùgbọ́n ó dárí jì mí láìjẹ́ kí n tọrọ rẹ̀, n kò sì lè fara da ẹni tó mọ ohun tí mo ṣe tó sì tún ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá àléébù rẹ̀ kiri.

Mo gbé kòkó náà lọ sílé àdúrà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà. Mo padà sílé, mo ń retí. Kòkó túbọ̀ já wálẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì kò dé. Ẹ gbọ́, ẹni tó bá ti fi ohun tó pọ̀ rúbọ, kì í fẹ́ gbà pé ẹbọ náà kò ṣiṣẹ́. Yóò máa wá ẹni tó bà á jẹ́. Mo tọ wòlíì lọ, mo ní ẹ̀jẹ́ mi kò tíì bí nǹkan kan. Ó ṣí ojú rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan ń jẹ nínú oko yín."

N kò bi í pé ta ni. Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ kó jẹ́.

Mo lọ wo àwọn igi kòkó tó wà lẹ́bàá odò. Lóòótọ́, wọ́n ti ká nínú èyí tó pọ́n. Ojú ibi tí àdá gbà kọjá ṣì tutù. Mo padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà ló rí. Ohun mìíràn sì wà tí mo rí tí kò yé mi. Nígbà tí a bá ń pín kòkó, Làmídì a máa bù lára òkìtì tirẹ̀ sórí tèmi kó tó di àpò. Mo rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Mo ní lọ́kàn mi pé olè tó jí púpọ̀ ló ń dá díẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń ka ìwà ara mi lójú rẹ̀.

N kò bi í léèrè. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí là, ẹnu mi kò sì gbà á, nítorí bí mo bá ní, "Làmídì, ìwọ lò ń jí kòkó ká?" òun náà lè bi mí nípa eku tó mọ àpò so.

Ní Ago Alaye, ọdẹ kan wà tó ní ìbọn ṣakabùlà ògbólógbòó tí wọ́n ń fi dẹ ẹran nínú igbó. Mo ní kó yá mi.

"Ẹran wo lẹ fẹ́ pa, Tíṣà?"

"Èyí tó ń jẹ kòkó mi."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni yóò jẹ́. Ṣé ó ń dá èso náà lu ni?"

"Ó ń gé e ni."

Ọdẹ náà mi orí. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gé kòkó, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná o." Mo ní ọmọ mi ni yóò bá mi dẹ ẹ́ fún ẹtu. Irọ́ ni. Ó yá mi.

Mo dẹ ìbọn náà sí ẹsẹ̀ ọ̀nà odò ní Alámìísì, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo sì ta okùn mọ́ ọn kọjá ọ̀nà, tí yóò fi yìn bí ẹsẹ̀ bá kọ́ ọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo mú ìgò òróró tí mo gbà nílé àdúrà jáde nínú àpò mi. Mo fi pa ìbọn náà lára láti ìdí dé ẹnu. Mo kúnlẹ̀ nínú ewé kòkó, mo gbàdúrà pé, "Olúwa, mo fi lé ọ lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ kò bá mọwọ́mẹsẹ̀, jẹ́ kó kọjá láìfarapa. Bó bá jẹ́ olè, ìwọ ni kó o dá a lẹ́jọ́." Ọkàn mi balẹ̀ lẹ́yìn àdúrà náà. Mo sùn dáadáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo sùn dáadáa. Mo ti sọ ìpànìyàn di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọwọ́ mi sì mọ́ lójú ara mi.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo wà ní ahéré nígbà tí ìbọn dún. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Mo rìn lọ, n kò sáré.

Làmídì ló wà níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti igi kòkó, ọwọ́ rẹ̀ wà ní itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde láàárín ìka rẹ̀. Agbọ̀n rẹ̀ ti dojú dé, kòkó tó pọ́n sì fọ́n ká a. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tú ká.

"Tíṣà, ẹ ti dé. Ọlọ́run ṣeun. Ta ló dẹ ìbọn sóko wa?"

Oko wa, ló wí. Mo wo agbọ̀n tó dojú dé náà.

"Ẹ má bínú nípa kòkó yìí, sà. Mo ń yọ ọ́ nínú ìpín mi bí a bá ń pín in. Ti Ìyá Táyọ̀ ni."

Mo mọ Ìyá Táyọ̀. Opó ni, ọmọ Ìkálẹ̀, ilé rẹ̀ wà lókè odò. Ọkọ rẹ̀ já lulẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ó kú.

"Sàráà ni," ni Làmídì wí. "Láti ìgbà tí ọjà ti di ìdàkudà ni mo ti ń ṣe é, pé kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kì í fi sàráà fọ́nnu."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀kadà ń kọjá ní ọ̀nà Araromi, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ariwo kan péré ni kí n pa. Ṣùgbọ́n ìbọn ni mo kọ́kọ́ lọ tú. Mo tú okùn rẹ̀, mo gbé e lọ jìnnà, mo kó ewé bò ó, mo sì fọ òróró kúrò lọ́wọ́ mi lódò. Gbogbo ìgbà yẹn, Làmídì ń pè mí. "Tíṣà. Tíṣà." Bí ọmọ kíláàsì tó ń na ọwọ́ sókè tí olùkọ́ kò fẹ́ rí i. Nígbà tí mo fi máa lọ dá ọ̀kadà dúró, kò pè mí mọ́. A gbé e dé Ọ̀rẹ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ náà kì í ṣe èyí tó yẹ kó pa á, ẹ̀jẹ̀ tó dà nù ló pa á.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé ọdẹ tó ń rìn kiri ló yìnbọn. Ìyá Ráfátù gbà mí gbọ́. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́ pé mo gbé ọkọ òun délé ìwòsàn. Àmọ́ ọdẹ tó yá mi ní ìbọn kò lè dákẹ́. Ó tọ ọlọ́pàá lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n rí ìbọn náà níbi tí mo bò ó sí, ó ṣì ń dán.

Ní kóòtù, Ìyá Táyọ̀ wá jẹ́rìí. Ìkálẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, akọ̀wé sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń gbé kòkó sí ẹnu ọ̀nà òun. Òun rò pé èmi ni, nítorí èmi ni onílẹ̀, tíṣà sì ni mí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni òun máa ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Adájọ́ bojú wò mí láti orí ìjókòó rẹ̀. N kò lè gbé orí sókè. Agbẹjọ́rò mi ní mo fi ẹ̀mí ọkùnrin náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni. Adájọ́ ní, "Ọwọ́ ẹlẹ́jọ́ yìí ló dẹ okùn náà." Ó sọ òótọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo dé ibí, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́dà tó máa ń kí mi gbé àkàrà wọlé nínú abọ́. Mo bi í pé ta ló ni ín.

"Sàráà ni, sà. Obìnrin kan ló gbé e wá fún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n, nítorí ọkọ rẹ̀ tó kú."

"Níbo ló ti wá?"

"Lọ́nà Araromi." Ó wolẹ̀. "Mo sọ fún un pé ẹ wà níbí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n pín in kárí, kí n má fo yàrá kankan."

Mo gbé àkàrà náà dání títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ìpín Làmídì lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ni ín ló fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Odigbo, Ọ̀rẹ̀ àti ibi gbogbo, mo mọ̀ pé ayé kò dúró sójú kan fún yín. Ẹ kò mọ iye tí ohunkóhun yóò jẹ́ lọ́la, ẹ̀rù sì ń bà yín. Èmi kò ní kí ẹ má gbàdúrà, n kò sì ní kí ẹ má mú ọrẹ wá. Ẹni tí mo pa mú ọrẹ wá, kò sì ṣèpalára fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó dára ni kí ẹ kọ́ lára rẹ̀. Ẹ má bá Ọlọ́run nájà nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà yín, nítorí ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Bí ọkàn yín bá fura sí ẹnì kan, ẹ lọ bi í, kódà bí ìdáhùn rẹ̀ yóò bá dójú tì yín. Ẹ má ṣe ohun tí ẹ kò lè jẹ́wọ́, kí ẹ wá gbàdúrà lé e lórí.

Ìyàwó mi ti bi mí ní ìbéèrè náà ní òpópónà Ọ̀rẹ̀, lẹ́yìn gáréèjì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Mo fi í lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun síwájú pẹpẹ, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi ara yín pé, ti ta ni?